Ọdún Kejì Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1999, Carnie Wilson, akọrin ará Amẹ́ríkà tó wà nínú ẹgbẹ́ Wilson Phillips, gbà kí ayé máa wo iṣẹ́ abẹ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Ó ti sanra tó nǹkan bí kílò 135. Àwọn dókítà ya ìba díẹ̀ sọ́tọ̀ lára àpòlúkù rẹ̀, èyí tí kò ju ẹyin adìyẹ lọ, wọ́n sì so ó tààrà mọ́ ìfun. Nígbà tó yá, nǹkan bí ìdajì ara rẹ̀ ti yọ́ dànù. Àtẹ́wọ́ sọ.

Ọtí ló wá gba ipò oúnjẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní gbangba, ó sì jáwọ́ nínú rẹ̀ ní 2004. Ọ̀rọ̀ ìwà nìkan kọ́. Nínú ikùn tí ọ̀bẹ kò kàn, ọtí á kọ́kọ́ dúró díẹ̀ ná. Lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí, kíá ló ń bọ́ sínú ìfun tó sì ń wọ ẹ̀jẹ̀. Ife kan á pani ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 2012, àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn JAMA pé ọdún kejì ni wàhálà ọtí ń gbérí. Ẹ sì wo ọdún kejì náà: ojú ọgbẹ́ ti jiná, aṣọ tuntun ti bá ara mu, ta ló tún fẹ́ lọ jókòó de dókítà?

Wilson bímọ méjì, ó tún sanra, ní 2012 kan náà sì ni wọ́n fi rọ́bà di àpòlúkù rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi í rẹ́rìn-ín o. Ara tó pàdánù ọ̀rá máa ń jà láti gbà á padà, ebi tó ti rọlẹ̀ á sì tún dìde.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù kì í pariwo. Lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí, ara kì í rí fítámínì B12 gbà dáadáa látinú oúnjẹ mọ́, oògùn ló ń dí àlàfo náà. Ẹ̀dọ̀ ń tọ́jú B12 pamọ́ fún ọdún mélòó kan, nítorí náà ẹni tó pa oògùn yẹn tì kò ní tètè mọ̀ pé ó ti ń tán lọ. Kó tó fura, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, iṣan ìmọ̀lára tó bá sì ti bàjẹ́ pẹ́ lè má padà sípò mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìlànà ìṣègùn ní Ìlú Ọba fi ní kí ilé ìwòsàn máa ṣọ́ aláìsàn fún ọdún méjì ó kéré tán, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún títí ayé. Àwọn tó ń wọ bàálù láti London lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní Tọ́kì torí pé ó dínwó, kí wọ́n gba ìwé tó sọ ohun tí wọ́n gé àti ohun tí wọ́n so, kí wọ́n sì gbé e fún dókítà ìdílé (GP) wọn lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá dé.