Táì Madder Tí Kò Ní Egbò Nínú

Mo ra táì òkìríkà kan ní Kàtáǹgówà lọ́dún tó kọjá. ₦800 péré. Ó pupa bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, òdòdó kéékèèké sì wà lára rẹ̀. Wọ́n kọ "Ancient Madder" sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo yẹ íntánẹ́ẹ̀tì wò, mo rí i pé ewéko ni madder, egbò rẹ̀ ló ń mú àwọ̀ pupa jáde. Ó ti tó! Mo gbé e sórí WhatsApp: "Ojúlówó sẹ́dà, egbò ni wọ́n fi rẹ ẹ́." Arákùnrin kan san ₦7,000.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó ka ìyókù.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni o. Àwọn tó ṣe irú sẹ́dà yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan rí, ní Crayford àti ní Langley lẹ́bàá Macclesfield, lókìkí dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń fi madder ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́ nìyí: wọ́n á kọ́kọ́ fi igi tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí tẹ oògùn tó ń di aró mú sára aṣọ, wọ́n á wá ri gbogbo rẹ̀ bọ inú aró kan ṣoṣo. Ibi tí wọ́n tẹ álọ́ọ̀mù sí á pọ́n, ibi tí wọ́n tẹ oògùn tó ní irin nínú sí á ṣú. Ìkòkò kan náà, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àmọ́ ní 1868, àwọn ará Jámánì méjì, Graebe àti Liebermann, rí alizarin ṣe láti inú ọ̀dà èédú. Alizarin yìí gan-an ló ń mú egbò madder pọ́n. Kì í ṣe ayédèrú rẹ̀ rárá. Kò pẹ́ tí ọjà fi bọ́ mọ́ àwọn àgbẹ̀ madder ní Holland àti gúúsù Faransé lọ́wọ́. Oko wọn lọ, orúkọ ewéko wọn ṣì wà lẹ́yìn táì.

Ṣé irọ́ wá ni orúkọ yẹn? Àǹtí mi kan ń ṣe àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta. Inú agolo ni aró tiẹ̀ ti ń wá, kì í lo ewé ẹlú. Mi ò lè pè é ní onírọ́, torí orúkọ àdìrẹ ò dárúkọ ewé kankan: a dì í, a rẹ ẹ́. Ó dì í, ó sì rẹ ẹ́. Èyí tí ẹ̀rọ kàn tẹ àwòrán rẹ̀ jáde ni èmi ń bá jà. Ta ló di ìyẹn?

Madder ní tiẹ̀ dárúkọ egbò. Àwọn tó mọ̀ nípa táì á ní irú àwọ̀ yẹn àti bí aṣọ náà ṣe rí lọ́wọ́ ni orúkọ náà ń tọ́ka sí báyìí. Mo gbà, bí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà bá jọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oníbàárà tèmi ò mọ̀. Wọn ò sì kọ egbò sẹ́yìn táì yẹn, èmi ni mo fi kún un. Lóòótọ́, mi ò mọ̀ nígbà tí mo sọ ọ́, àmọ́ ibi tí owó ti dùn ni mo ti dá ìwé kíkà dúró, ìyẹn ò sì ṣèèṣì.

Mo pè é, mo ní kí n dá ₦3,000 padà. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, táì yẹn bá mi lára mu jàre. Ẹ kúkú bá mi ra dátà." Mo rà á fún un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí i lórí status rẹ̀, ó wọ táì náà lọ síbi ìgbéyàwó. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Egbò ni wọ́n fi rẹ ẹ́ o."