Àìrìnpọ̀ Ejò

Àwọn àgbà ní, àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ejò ní oró, ó sì yára. Síbẹ̀, torí pé òun nìkan ló ń rìn, ọmọdé tó mú igi lọ́wọ́ lè pa á. Bí ọká bá ṣáájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, ta ni yóò dúró?

Òwe yìí kan tọkọtaya tó ń ṣòwò ní Terminus, ní Jos. Ìlú náà fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju òkun lọ. Bí ọyẹ́ bá dé, súwẹ́tà làwọn ọlọ́jà ń wọ̀ pàtẹ. Ẹni tó bá fẹ́ móoru lè lọ sí Èkó, kó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí etíkun Tarkwa Bay. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tọkọtaya a ní kí ẹnì kan lọ, kí èkejì ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ wo àwọn tọkọtaya Òyìnbó tó ń sá fún òtútù, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ìgbòkun rin àárín àwọn erékùṣù Bahamas. Bí wọ́n bá fẹ́ yí ọkọ̀ padà, ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú a kọ́kọ́ ké sí èkejì. Èkejì a tú okùn apá kan, a sì fa ti apá kejì kí ìgbòkun lè gba afẹ́fẹ́. Lóru, ọ̀kan a sùn, èkejì a máa ṣọ́nà.

Ohun tí ejò kò ní nìyẹn: ẹni tí yóò ké sí kó tó yà. Ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ jọ lọ. Èrè ọjà á tún wá. Ilé tí ọkọ àti aya kò ti jọ rìn kì í pẹ́ tú.