Ẹni Tó Ń Sáré Nínú Ẹ̀gún

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní èèyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Ẹni tó dúró lójú ọ̀nà tó ń wòran ni òwe yìí ń bá wí. Òun ló máa ń yára pe ẹlòmíràn ní wèrè tàbí olójúkòkòrò, nígbà tí kò tíì bèèrè ohun tó wà nínú igbó.

Ẹ wo àwọn oníṣòwò Yorùbá tó kún ọjà Kùmásí àti Támálè nígbà ayé òyìnbó, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe Gánà ní Góòlù Kóòsì. Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ọ̀fà, Ṣakí àti Ìgbẹ́tì ni ọ̀pọ̀ wọn ti gbéra. Owó kòkó ni wọ́n ń lé. Ní 1911 ni ilẹ̀ náà gba ipò kìíní nínú pípèsè kòkó lágbàáyé, owó sì wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ibẹ̀ láti ra aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn mìíràn lọ wa dáyámọ́ńdì.

Ó rọrùn láti parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀dàn ni ọ̀pọ̀ àwọn ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀ wọ̀nyẹn wà, kòkó kì í sì í ṣe dáadáa níbẹ̀. Ní 1916, ìjọba òyìnbó gbé owó orí kalẹ̀ ní ẹkùn Ọ̀yọ́. Ọdún náà gan-an ni rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn àti Òkèihò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní láti san owó orí, tó tún ń wá owó ìyàwó, tí kò sì ní ju iṣu àti ọkà bàbà lóko, níbo ni yóò ti rówó? Òwe náà pín ọ̀rọ̀ sí méjì, lílé àti sísá. Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, owó tó ń lé e kúrò nílé náà ló ń lé lọ sí Kùmásí.

Nígbà tó yá, gbèsè àti àìríṣẹ́ṣe bá Gánà fínra, ojú àlejò sì ni wọ́n wò. Ní 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n kúrò. Àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n dàgbà síbẹ̀, ta ẹrù ní ọ̀pọ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú bàbá wọn tí àwọn kan nínú wọn kò dé rí.

Kò tó ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, ó kan Nàìjíríà. Owó epo ti fa àwọn ará Gánà wá: wọ́n ń kọ́ ọmọ ní iléèwé, wọ́n ń ṣe bíríkìlà, wọ́n ń ṣe káfíńtà. Epo wálẹ̀ lọ́jà ayé, ìjọba Shehu Shagari sì kéde ní 17 oṣù Kìíní 1983 pé kí àwọn tí kò níwèé máa lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n tún fún wọn! Wọ́n lé wọn padà sí ilẹ̀ tí ọ̀dá àti iná igbó ti ń ba oúnjẹ jẹ́. Àpò onílà tí wọ́n kó ẹrù sí ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní Ghana Must Go títí dòní. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi í ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rántí 1969 kò yẹ kó rẹ́rìn-ín sí i.

Ibì kan wà tí òwe yìí kò dé. Kò sọ pé eré náà bọ́gbọ́n mu. Ẹ̀gún kò mọ ẹni tó ń lé ejò yàtọ̀ sí ẹni tí ejò ń lé. Ọ̀pọ̀ tó gba aṣálẹ̀ Líbíà lọ sí Yúróòpù ní ìdí tó lágbára, inú aṣálẹ̀ náà ni àwọn kan sì kú sí. Ìdí rere máa ń gba èèyàn lọ́wọ́ ẹ̀gàn. Kì í gbà á lọ́wọ́ ewu.

Ní báyìí, nọ́ọ̀sì àti dókítà ló ń já pa. Láti oṣù Kẹfà 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà, owó oṣù wọn kò ra ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2024, Bìrìtéènì kò gba àwọn olùtọ́jú arúgbó tó ń wọlé láyè mọ́ láti kó ọkọ, aya tàbí ọmọ dání, síbẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì kan ṣì lọ ṣe iṣẹ́ náà nígbà náà. Ẹni tó lè fi ọmọ sílẹ̀ lọ tọ́jú arúgbó onílùú kì í ṣe ẹni tí à ń wàásù ìfẹ́ ìlú fún. Kí ìjọba tó bá fẹ́ kí ó dúró bẹ̀rẹ̀ láti orí owó oṣù rẹ̀ àti iná mànàmáná wọ́ọ̀dù tó ti ń ṣiṣẹ́ lóru.