Rẹ́múrẹ́mú Lohun Ẹni Ń Bá Ẹni Mu: Ètò Ẹ̀kọ́ Ọ̀sẹ̀ Kan fún Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ìdí kan náà ló fi yẹ kí olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi máa jókòó ti ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní láti ro ohun tí àwọn ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀, ohun tó kàn, àti ọ̀nà tí yóò gbà mú un dé etí, ojú àti ọwọ́ wọn. Babaláwo tó gbọ́ṣẹ́ kì í ka odù tó hù ní ọrún tó kọjá sí ẹni tó wá dífá lónìí lórí. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ kì í gbé ètò ọmọ èṣí fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ọmọ ọdún márùn-ún, tí ọdún kan péré kù kí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni ètò yìí wà fún. Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tó kọ́kọ́ jáde ní 1977, tí àtúnṣe rẹ̀ sì jáde ní 2013, ka ọdún kan jẹ́lé-ó-sinmi mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọdún 10 tó jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ. Ó ní kí ọmọ má ju 25 lọ lọ́dọ̀ olùkọ́ kan, kí ó sì jẹ́ pé eré ni wọn yóò máa fi kọ́ wọn jù. Ọ̀rọ̀ eré yìí ní ìtàn. Ní 1837 ni Friedrich Froebel dá ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kéékèèké sílẹ̀ ní Bad Blankenburg ní Jámánì, tó ń fi bọ́ọ̀lù, igi gbígbẹ́ àti orin kọ́ wọn. Ilẹ̀ Yorùbá náà kò ṣàìmọ̀ ọ́n: ààlọ́, bojúbojú àti òkòtó ti kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀, sùúrù àti òǹkà kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́ọ̀kì dání ní etí ọ̀sà.

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ márùn-ún ni ètò ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ kó pọ̀: èdè, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìlera, ìwà àti ìbágbépọ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́, orin àti eré. Ọpọlọ ọmọdé kò pín ayé sí ọ̀nà márùn-ún, nítorí náà iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí olùkọ́ yan orí-ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ̀ka márààrún yóò rọ̀ mọ́. Àdúgbò ọmọ ló ti yẹ kí orí-ọ̀rọ̀ náà wá. Ní Ẹ̀jìnrìn, ìlú etí ọ̀sà láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ìtàn ti yan ọ̀kan sílẹ̀: ọjà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà Ẹ̀jìnrìn wà lára àwọn ọjà tó tóbi jù lọ ní etí ọ̀sà. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ìjẹ̀bú ti ń pàdé àwọn oníṣòwò Èkó tó bá ọkọ̀ ojú omi wá, tí epo pupa àti oúnjẹ ń lọ sí Èkó, tí aṣọ àti ẹrù òkè òkun ń bọ̀ wá sílé. Nígbà tí Ìjẹ̀bú bá ti ọ̀nà, Èkó a mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ọjà wọ̀nyí sì wà lára ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tìtorí rẹ̀ gbógun wá bá Ìjẹ̀bú ní 1892. Orúkọ ìlú náà ṣì wà lára ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Ìkòsì-Ẹ̀jìnrìn tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 2003. Ọmọ tó bá mọ ọjà ti mọ ìlú rẹ̀.

Bí orí-ọ̀rọ̀ bá ti wà nílẹ̀, ọjọ́ márùn-ún ọ̀sẹ̀ á tò tẹ̀ léra. Ọjọ́ Ajé jẹ́ ti èdè. Àwọn ọmọ yóò dárúkọ ohun tí wọ́n ń rí lọ́jà, olùkọ́ yóò sì fa lẹ́tà kan yọ nínú rẹ̀. Lẹ́tà 25 ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kan sì tó fún ọmọ ọdún márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ ẹ, ẹja, ẹyin, ẹ̀wà àti ẹ̀kọ ti wà lẹ́nu wọn tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni J. F. Ọdúnjọ ṣe to ìwé Aláwìíyé rẹ̀, láti orí ọ̀rọ̀ kúkúrú tó wà lẹ́nu ọmọ lọ sórí èyí tó gùn, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àgbà òde òní kò lè gbàgbé rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ́ ti ìṣirò. Ọsàn márùn-ún ni ọmọ yóò kó jọ, yóò pín wọn sí òkìtì méjì, yóò sọ èyí tó pọ̀ jù. Yóò fi agolo mílíìkì wọn iyanrìn sínú kóńgò, yóò máa kà á bó ṣe ń dà á. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ọmọ tó ń ka ení dé ọgọ́rùn-ún lórí ahọ́n, tí kò lè mú ọsàn márùn-ún fúnni bí a bá ní kó mú un wá, kò tíì mọ òǹkà.

Ní Ọjọ́rú, ẹja tútù kan nínú abọ́ omi tó fún sáyẹ́ǹsì. Ìpẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Kí ló fi ń wẹ̀? Kí ló dé tí wọ́n fi ń yan án? Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ọwọ́ á fi ọṣẹ wẹ̀, ẹ̀kọ́ ìlera ọjọ́ náà sì nìyẹn. Ọjọ́bọ̀ jẹ́ ti ìwà: bí a ṣe ń kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí ìyá ọlọ́jà, bí a ṣe ń sọ pé “Ẹ kú ọjà o, ajé á wọlé o,” bí a ṣe ń dá ṣéńjì tó bá lé padà, tí a kì í sì í tọwọ́ bọ igbá ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ yóò fi amọ̀ mọ ẹja, wọn yóò tẹ́ ọjà sí àgbàlá, wọn yóò tà, wọn yóò rà, wọn yóò kọrin. Olùkọ́ kò ní dá wọn lẹ́kun. Yóò máa wo ẹni tó lè ka owó rẹ̀, ẹni tó mọ ìkíni, ẹni tí ọ̀rọ̀ kò tíì já geere lẹ́nu rẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 tó fún ẹ̀kọ́ kan, nítorí pé ara ọmọdé kì í jókòó pẹ́.

Àṣà kan wà tó ń ba gbogbo èyí jẹ́, àdàkọ ni. Bí ọjọ́ Àìkú bá ti ń ṣú, àwọn olùkọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá nóòtì lórí WhatsApp. Ẹnì kan á fi tirẹ̀ ránṣẹ́, òun náà sì gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Tàbí kí wọ́n ṣí ìwé èṣí, kí wọ́n yí déètì padà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ á fi bírò pupa sáìnì ìsàlẹ̀ ojú ewé, kò ní ka òkè rẹ̀. A ti rí nóòtì tí ọ̀gá ti sáìnì, tí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti dà á kọ ṣì wà lórí rẹ̀ gàdàgbà. Òmíràn ṣètò ẹ̀kọ́ kíkún sí ọjọ́ tí ìjọba ti kéde ìsinmi.

Ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní etí ọ̀sà, olùkọ́ na àwòrán ápù sókè, ó bi àwọn ọmọ pé kí ni. Gbogbo kíláàsì pariwo pé tòmátì ni. Inú bí olùkọ́. Ó ní kí wọ́n máa tún orúkọ èso náà pè títí ẹnu fi kan wọ́n. Igi àgbálùmọ̀ wà lẹ́yìn fèrèsé kíláàsì yẹn, ó so jìngbìnnì, àwọn ọmọ a máa ṣa á jẹ bí wọ́n bá jáde eré. Ẹnikẹ́ni kò fi kọ́ wọn ní lẹ́tà a, nítorí pé kò sí nínú nóòtì.

Èyí tó dunni jù ni ti ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì mìíràn. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí ohun ìrìnnà. Nóòtì àdàkọ ní mọ́tò, rélùwéè àti bàálù. Ọmọ náà nawọ́, ó ní, “Àǹtí, bàbá mi ní ọkọ̀ ọpọ́n. Ó máa ń fi kó gààrì àti ẹja.” Olùkọ́ dá a lóhùn pé kó jókòó, pé ìyẹn kò sí lára ohun tí àwọn ń kọ́. Ọmọ náà jókòó. Nínú gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀, òun nìkan ló sọ nípa ohun ìrìnnà tó ti fojú rí, tó ti wọ̀, tó ń bọ́ ilé wọn. Ohun tó gbé lọ sílé lọ́jọ́ yẹn ni pé ohun tí bàbá rẹ̀ ń ṣe kò kún ẹ̀kọ́.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ẹni mu. Owó oṣù olùkọ́ kò tó nǹkan, òótọ́ ni. Ọmọ 50 ń jókòó níbi tó yẹ kí 25 wà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú ewé kan tí olùkọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún àwọn ọmọ tó mọ orúkọ wọn sàn ju ogún ojú ewé tí kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn wí. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

     

Nínú ètò ọ̀sẹ̀, ó ku èdè tí wọn yóò fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's A ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lára wọn. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ èdè kò dúró sójú kan. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ni ní ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi. Bó ti wù kí àṣẹ rí, olùkọ́ tó gbọ́n kò ní fi òye ọmọ sílẹ̀ sẹ́yìn. Yóò jẹ́ kí ọmọ fi Yorùbá mọ ẹja délẹ̀, kí ó tó fún un ní orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló yẹ kí ó ka ètò kí ó tó sáìnì, kí ó bi olùkọ́ léèrè irinṣẹ́ tí yóò lò, kí ó sì wọ kíláàsì lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán láàárín ọ̀sẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí olùkọ́ tó tilẹ̀kùn, yóò kọ orúkọ àwọn ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ náà, àwọn tó kù díẹ̀ fún, àti ohun tó yẹ ní títúnkọ́. Ìwé kékeré yẹn ló ni ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: ibi tí ọmọ dúró sí lọ́jọ́ Ẹtì ni ọjọ́ Ajé yóò ti bẹ̀rẹ̀.