Àyàn Kì í Já Rìsíìtì

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹjọ́ ara mi ni mo gbé wá síwájú yín o. Mo purọ́ nínú fọ́ọ̀mù kan. Irọ́ náà ò ju ti ₦40,000 lọ, ṣùgbọ́n ó ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti dé, kò sì jẹ́ kí n rí ewì kankan kọ. Ẹ bá mi dá a.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Àjọ kan tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ àṣà lọ́wọ́ fún mi ní ₦250,000 kí n lọ gba ohùn ìlù dùndún sílẹ̀ lọ́dọ̀ àgbà onílù kan, ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Òṣogbo. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ni mo fẹ́ fi ṣe. Gbogbo wa ní dípátímẹ́ǹtì yìí la mọ̀ pé irú owó bẹ́ẹ̀ kì í sábà kàn wá. Ẹni tó ń kọ́ nípa epo rọ̀bì ní PTDF, láti 1973 ni ìjọba ti dá àpò owó yẹn sílẹ̀. TETFund wà lóòótọ́, àwọn olùkọ́ ni wọ́n sábà ń fi rán lọ sẹ́nu ẹ̀kọ́ àti ìwádìí. NELFUND tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024, ẹ̀yáwó ni, sísan là á san án padà. Ta ló máa yáwó torí kó lè lọ gbọ́ ìlù? Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà àjọ náà dé, mo jó. Àwọn tá a jọ ń gbé yàrá ní kí n ra ìrẹsì, mo sì rà á. (Owó ara mi nìyẹn o, ẹ má fi kún ẹjọ́.)

Ojú ìwé kẹrin fọ́ọ̀mù ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àyè wà fún owó ọkọ̀, fún ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, fún bátìrì, fún ìwé títẹ̀, àní fún omi mímu. Kò sí àyè fún onílù. Wọ́n tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe sanwó fún ẹni tó bá fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, àti pé gbogbo ìnáwó gbọ́dọ̀ ní rìsíìtì.

Ẹ má tíì bínú sí wọn. Ọ̀rọ̀ wọn nídìí. Wọ́n ní ẹni tí o bá fowó há lọ́wọ́, ohun tí o fẹ́ gbọ́ ni yóò máa sọ fún ọ. Wọ́n ti kọ́ wa bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì pẹ̀lú, mo sì fàlà sí i nídìí nínú nóòtù mi.

Àárọ̀ Sátidé ni mo dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Wọ́n jókòó síwájú ilé, wọ́n ń tún ọ̀sán ìyáàlù so. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló rán ẹ?" Mo ní àjọ kan ni. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n fún ẹ lówó?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ṣùgbọ́n kò pọ̀." Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n mú kọ̀ǹgọ́, wọ́n lu gbólóhùn kan, ọmọ-ọmọ wọn tó ń bọ́ ewúrẹ́ nítòsí sì bú sẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ni ìlù wí. Ó ní, "Kò pọ̀, kò pọ̀, ẹnu ẹ̀ kún." Èmi tí mò ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, ọmọ ọdún mọ́kànlá ló túmọ̀ Yorùbá fún mi!

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀, mo sì kọ́ ohun tí mi ò kọ́ ní ọdún mẹ́ta. Ìlù ò ní kọ́ńsónáǹtì, ohùn nìkan ló ní: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Bí Bàbá bá lu ohùn àárín àti òkè, "ilé" ni àbí "ọwọ́" àbí "igbá"? Ìlù ò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí onílù kì í fi í da ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀. Á fi í sínú gbólóhùn gígùn tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá ní, "Àwa ò lè dá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ló ń bá wa sọ ìdajì." Wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n fi fún ọ̀sán títí mo fi mọ ibi tí ohùn ti ń yí padà. Ẹ ṣáà sọ fún mi, ta ni à ń pè ní olùkọ́?

Ní ọjọ́ kẹta, mo rí i pé awọ ìyáàlù ti ń ya létí. Bàbá ò tọrọ nǹkan kan. Mo ka ₦40,000, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn, wọ́n sì ṣàdúrà. Ni mo bá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi fọwọ́ síwèé?" Wọ́n wò mí bí ìgbà tí ọmọ bá ní kí ìyá òun já rìsíìtì fún ọmú. Mo ká ìwé mi kò. Nígbà tí mo dé gáréèjì, ọkùnrin kan já rìsíìtì ọkọ̀ ₦40,000 fún mi, kò tilẹ̀ béèrè ibi tí mo lọ.

Irọ́ náà nìyẹn. Mo kọ́kọ́ dá ara mi láre kíákíá. Mo ní olówó ló ń sọ ìmọ̀ di ohun tó wù ú. Ẹ wo Pierre Verger, ará Faransé, ayàwòrán. Ní 1948, IFAN ní Dakar fún un lówó ìwádìí láti wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Fọ́tò ló wù ú láti máa yà. Théodore Monod, ọ̀gá ibẹ̀, ní fọ́tò nìkan ò tó, àfi kó kọ̀wé. Ní 1953 ó di babaláwo ní Kétu, wọ́n sọ ọ́ ní Fátúmbí; ní 1957 ìwé rẹ̀ lórí òrìṣà àti vodun jáde. Àṣẹ olówó ló bí ìwé yẹn, a sì ń jàǹfààní rẹ̀, nítorí náà mi ò lè sọ pé gbogbo àṣẹ olówó ló burú. Ẹ tún wo Sixteen Cowries tí William Bascom tẹ̀ ní 1980. Ẹnu Sàlákọ̀, awo ẹ̀ẹ́rìndínlógún ní Ọ̀yọ́, ni ẹsẹ̀ inú rẹ̀ ti jáde ní 1951, orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ orúkọ kì í ra awọ.

Àwíjàre mi ì bá parí síbẹ̀, bí kì í bá ṣe ohun kan tí mi ò tíì sọ fún yín. Bí Bàbá ti gba owó tán, wọ́n gbé ìlù kọ́ èjìká, wọ́n kì mí. Wọ́n fi mí ṣe ọmọ jagunjagun, ọmọ ẹlẹ́ṣin. Bẹ́ẹ̀ mo ti sọ fún wọn ní ọjọ́ kìíní pé alágbẹ̀dẹ ni bàbá bàbá mi, ọkọ́ àti àdá ló ń rọ. Mi ò mọ ẹṣin kankan ní ìdílé wa. Ó wà nínú ẹ̀rọ, ó ń dún kedere. Ṣé ẹ rí i? Ohun tí àjọ yẹn ń bẹ̀rù gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ní òde àríyá, kò sẹ́ni tí irú ìlù yẹn ń tàn jẹ. A rí ẹni tó náwó, a rí i tí wọ́n lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí, a sì mọ bí a ṣe máa gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Owó wà lójútáyé, ó jẹ́ ara ìlù. Inú ìwé tèmi ni ìlù yẹn ti máa di irọ́, torí ẹni tó bá kà á ò ní mọ̀ pé mo náwó. Owó ọkọ̀ ló máa kà. Òfin tó ní kí n má sanwó ò dá ọwọ́ mi dúró, ó kàn kọ́ mi bí mo ṣe máa fi í pa mọ́ ni. Mo sì ti ń fi í pa mọ́ kí n tó dé gáréèjì, láti ìgbà tí mo ti sọ fún àgbàlagbà pé kò pọ̀.

Ṣé kí n wá jẹ́wọ́? Wọ́n lè ní kí n dá ₦40,000 padà, mi ò sì ní in. Ọmọbìnrin kan wà ní ọdún kejì tó fẹ́ tọrọ owó kan náà lọ́dún tó ń bọ̀, ẹkún ìyàwó ló fẹ́ gbà lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà. Bí mo bá ba dípátímẹ́ǹtì wa jẹ́ lójú wọn, òun ló máa jìyà rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gbé ẹnu mi sọ́hùn-ún, pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bóyá òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni rìpọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ wọlé. Mo ti fa igi lé owó ọkọ̀, mo kọ "Owó ilé-ìwé, ₦40,000, fún Bàbá" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Rìsíìtì gáréèjì ṣì wà láàárín nóòtù mi. Mi ò tíì ya á.