Ta Ni Ó Ni Àwòrán Ojú Ẹni?

Bí ènìyàn bá wà ní ojú títì gbangba, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹlòmíràn ya àwòrán rẹ̀ láìgba àṣẹ? Ìbéèrè yìí lè dà bí eré lójú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, nítorí kámẹ́rà ti wọ inú fóònù yín. Èmi kò kà á sí eré.

Láti ọdún 1998 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún Felabration nínú oṣù Ọ̀wàrà, ní ìrántí Fela Anikulapo-Kuti, olórin ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní ọdún 1938. Ojúkò rẹ̀ ni New Afrika Shrine tí Femi àti Yeni, àwọn ọmọ olórin náà, ṣí ní Agidingbi, ní Ìkẹjà, ní ọdún 2000. Àdúgbò ilé-iṣẹ́ ni Agidingbi. Ibẹ̀ ni Cadbury wà. Lákòókò àjọ̀dún, àwọn oníjó tí wọ́n kun ojú a máa rìn pọ̀ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń lọ sílé, àwọn ọlọ́jà a sì pàtẹ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kọ́ ni mo fi ọwọ́ sí, ṣùgbọ́n ó dùn ún wò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo bá ọmọ ọmọ mi lọ síbẹ̀, òun pẹ̀lú kámẹ́rà rẹ̀. Ó ya àwọn oníjó, wọ́n yọ̀, wọ́n tún dúró kí ó yà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí ìyá arúgbó kan tí ń din àkàrà. Kámẹ́rà dún. Ìyá náà fi abẹ̀bẹ̀ bo ojú.

“Ta ló fún ọ láṣẹ, ọmọ mi?”

“Ẹ má bínú, Ìyá. Mo rò pé ojú títì la wà.”

“Àwọn yẹn wá jó. Èmi wá wá oúnjẹ òòjọ́ mi ni.”

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó sì pa àwòrán náà rẹ́. Ṣùgbọ́n bí a ti ń lọ sí ọ̀nà Ọ̀gbà, ó ní, “Bàbá àgbà, bí mo bá kọ́kọ́ tọrọ àyè, ara ẹni náà yóò le, ẹ̀rín rẹ̀ yóò di ẹ̀tàn. Òtítọ́ ti sá lọ nìyẹn.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n. Bí gbogbo ayàwòrán bá ń tọrọ àyè kí wọ́n tó yà, ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa ìgbésí ayé àwọn ará àná ni a kì bá tí mọ̀.

Síbẹ̀, ìyá náà ti sọ ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni òun àti oníjó wà, ṣùgbọ́n oníjó gbé ojú rẹ̀ jáde kí a lè wò ó. Àkàrà ni ìyá gbé jáde. Àwọn baba wa kò sì fi àwòrán ṣeré. Ní ọdún 1978, ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ̀wé lórí ohun tí ó rí ní Ìlá Ọ̀ràngún: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìtíì ya àwòrán, wọn a ya èyí tí ó kù, wọn a tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí òkú àti alààyè lè jókòó pọ̀. Ohun tí ó lè dúró fún òkú bẹ́ẹ̀, a ha lè mú un lọ́wọ́ alààyè bí ẹni ṣa èso lábẹ́ igi?

Mo fi àwọn iṣẹ́ J.D. ’Okhai Ojeikere, tí ó kú ní ọdún 2014, han ọmọ náà. Láti ọdún 1968 ni ó ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin wa, tí iye rẹ̀ sún mọ́ ẹgbẹ̀rún. Ẹ̀yìn orí ni ó yà nínú púpọ̀ nínú wọn, a kò rí ojú, síbẹ̀ a rí ọwọ́ onídìrí àti iyì ẹni tí ó ni irun. Ó wò wọ́n pẹ́. Ó ní wọ́n dára, ṣùgbọ́n ojú ìyá alákàrà yẹn, nínú èéfín, òun kò ní rí irú rẹ̀ mọ́.