Ìgbà tí Mo Jẹ Ló Bà Mí Jẹ́

Ní Bẹẹrẹ, kò jìnnà sí òkè Mápó, àwọn bàbá kan máa ń ta ayò ní ìrọ̀lẹ́. Ihò 12, ọmọ ayò 48, gbogbo ẹ̀ wà níta gbangba. Tí o bá ta á ṣì, kò sẹ́ni tó máa gbà pé orí burúkú ni. "Òpè!" ni wọ́n á pè ẹ́.

Ẹ̀yìn wọn ni mo máa ń jókòó sí, tí màá máa ta póókà lórí fóònù mi.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: wọ́n á fún ẹ ní káàdì 2 tí ìwọ nìkan ń rí, wọ́n á wá ṣí 5 sílẹ̀ fún gbogbo yín. Ace ló ga jù. Tí mo bá rí Ace àti 4, tí méjèèjì jẹ́ spade, inú mi á dùn: flush ń bọ̀ nìyẹn! Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká tiẹ̀ ní o dúró títí wọ́n fi ṣí káàdì márààrún, kò tó ìgbà 7 nínú 100 tí flush máa wọlé. Tó bá jẹ́ Ace nìkan ló jáde ńkọ́? Ẹni tó ní Ace àti King ti jù ẹ́ lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, nínú ìdíje kan, ẹnì kan kó gbogbo chips ẹ̀ sílẹ̀. Mo fi Ace àti 4 tẹ̀ lé e. Ace àti King ló ní. Bí ìgbà 3 nínú 10 péré ni tèmi lè yè é. Ni 4 bá yọ. Mo pariwo débi pé àwọn tó ń tayò bojú wẹ̀yìn. Bàbá kan bi mí pé, "Ṣé o kà á ni, àbí ó kàn bọ́ sí i?"

Mo ní, "Bàbá, mo sáà jẹ."

Kóòdù ni mò ń kọ jẹun o! Mo mọ̀ pé kóòdù tó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tí a ò mọ ìdí ẹ̀, a kì í gbé e fún oníbàárà. Síbẹ̀, nítorí pé mo jẹ lọ́jọ́ yẹn, mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ lálaalẹ́. Kí oṣù tó parí, owó tí mo yà sọ́tọ̀ fún fọ́ọ̀mù JAMB àbúrò mi ti bá a lọ.

Ace àti 4 kọ́ ló burú. Tí kò bá tíì sẹ́ni tó fi owó kún un, tí o sì wà lára àwọn tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ta á. Tí chips ẹ bá ti kéré, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ kó o sílẹ̀: àwọn yòókù lè sá, Ace tó wà lọ́wọ́ ẹ kò sì lè sí lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹlòmíì bá ti kó tiẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, tó sì jẹ́ pé ó lè lé ẹ jáde, dà á nù. Ẹni tí chips ẹ̀ bá tán nínú ìdíje, ilé ló ń lọ.

Ní àdúgbò wa, ẹni tó bá jẹ là ń kí kú oríire. A kì í bi í léèrè bó ṣe jẹ. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ṣe ohun tó tọ́ tó sì pàdánù ṣì ní ohun tó lè dì mú lọ́la. Ẹni tó ṣì í ṣe tó sì jẹ, àṣìṣe ẹ̀ ti di ọgbọ́n lójú ẹ̀ nìyẹn.

Ọdún kan gbáko ni àbúrò mi fi dúró. Nígbà tí mò ń bẹ̀ ẹ́, mo ní orí burúkú ni.

Ó wò mí títí. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, ṣé ẹ kà á ni?"